Kí Èèrà Tó Gbọ́ Nípa Ìtọ̀

Ní Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá sọ fún àgbàlagbà pé kó lọ yẹ ṣúgà ara ẹ̀ wò, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni pé èèrà ò bo ìtọ̀ òun, torí wọ́n gbà pé ìtọ̀ ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ lèèrà máa ń bò. Ó ti wo ẹ̀yìnkùlé, kò rí èèrà kankan, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Nínú gbogbo ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa àtọ̀gbẹ, èyí ló ń dunni jù, torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òótọ́ ọ̀hún ló wá ń pẹ́ kó tó dé.

Orúkọ àìsàn náà gan-an ń ṣini lọ́nà. Àtọ̀gbẹ, ìyẹn ni pé kéèyàn tọ̀ tọ̀ tọ̀ títí á fi gbẹ. Ìtọ̀ ṣúgà, ẹ tún gbọ́ ìtọ̀ níbẹ̀. Èyí táwọn Faransé ń pè ní diabète, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, ohun tó ń ṣàn kọjá lọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìtọ̀ lojú rí, ìtọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ làìsàn yìí ń gbé, ó sì lè gbébẹ̀ fọ́dún púpọ̀ kí ìtọ̀ tó mọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá níbi tí ọ̀pọ̀ ti mọ̀. Ẹ̀kọ, gàrí, iṣu, búrẹ́dì, ìrẹsì, gbogbo ẹ̀ ló ń di ṣúgà tó ń wọ ẹ̀jẹ̀, ínsúlìn ló ń ṣílẹ̀kùn fún un kó lè wọnú ẹran ara, tí ínsúlìn ò bá wá sí mọ́ rárá, bíi ti oríṣi àkọ́kọ́ tó sábà máa ń mú ọmọdé àtọ̀dọ́, tàbí tó wà tára ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́, bíi ti oríṣi kejì tó pọ̀ jù láàárín wa, ṣúgà á kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni bí ṣúgà tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe kéré tó. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5, gírààmù bíi 1 ló sì yẹ kó wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kéèyàn tó jẹun. Kó gbogbo ẹ̀ jọ, hóró ṣúgà kan péré, irú èyí tá à ń jù sínú tíì, ni! Ẹni tó wá yọ ṣúgà kúrò nínú tíì, tó gbé àkàsà márùn-ún síwájú, kò tíì gba ara ẹ̀ sílẹ̀.

Kíndìnrín wá ni ibi tọ́rọ̀ yìí ti dùn jù. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Wàndó máa da ẹ̀wà sórí àtẹ, á máa ṣa òkúta kúrò. Kíndìnrín ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ṣe ló ń da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, àtẹ̀wà àtòkúta àti iyanrìn, á wá máa fọwọ́ ṣa ẹ̀wà padà sínú agbọ̀n, ohun tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ ló ń di ìtọ̀. Omi tó ń sẹ́ jáde látinú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó nǹkan bíi lítà 180, ìtọ̀ tá à ń tọ̀ ò sì ju bíi lítà kan sí méjì lọ, ó ti ṣa ìyókù padà. Ṣúgà tó ń bá omi yẹn jáde tó gírààmù 180, bíi hóró 36, kíndìnrín tára ẹ̀ le á sì ṣà á padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan. Ó lè jọ iṣẹ́ àṣedànù, pé kéèyàn da nǹkan sílẹ̀ kó tún máa ṣà á, àmọ́ ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tó ń ṣa òkúta gbọ́dọ̀ dá gbogbo oríṣi òkúta tó wà láyé mọ̀. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀wà nìkan ló máa mọ̀. Ìdọ̀tí tára ò rí rí, kíndìnrín ò nílò kó dá a mọ̀ kó tó lè jù ú nù, kò ṣáà ní ṣà á ni.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ṣa ṣúgà níye. Tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ò bá tíì kọjá nǹkan bíi gírààmù 1,8 nínú lítà, ọwọ́ yẹn á ká a. Tó bá kọjá ibẹ̀ ni ṣúgà á tó máa ṣẹ́ kù sílẹ̀, ìgbà yẹn lèèrà máa gbọ́. Omi náà á tẹ̀ lé ṣúgà jáde, torí ṣúgà ń fa omi bí gàrí ṣe ń fà á, ẹni náà á máa tọ̀, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á ra sucrerie, ìyẹn ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tútù lẹ́bàá títì láti fi pa òùngbẹ, ṣúgà tún wọlé nìyẹn.

Ẹ wá wo bébà lábò, ìyẹn bébà èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Láìjẹun, tó bá ti tó gírààmù 1,26 nínú lítà tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò tó rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Láàárín 1,26 sí 1,8 yẹn, àìsàn ti wọlé, kíndìnrín ṣì ń ṣa ṣúgà padà, kò jẹ́ kí ará ìta mọ̀, bí ọmọ ọ̀dọ̀ olóòótọ́ tó ń bo àṣírí ilé. Kí ó sì tó di pé àṣírí tú, ṣúgà ti ń jẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ojú, ó ń ba iṣan tó ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ mọ ìrora jẹ́, kódà ó ń ba kíndìnrín tó ń bò ó jẹ́. Béèyàn bá ṣe ń dàgbà, ibi tí ṣúgà ti ń bọ́ sínú ìtọ̀ tún lè ga sí i, ìyẹn ni pé bàbá àgbà lè wà ní 2 kí èèrà má yọjú. Obìnrin tó lóyún, ìdàkejì ló lè rí, ṣúgà lè wà nínú ìtọ̀ ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ sì dáa.

Ohun tó ń fini lọ́kàn balẹ̀ ni pé ẹran ara tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀kùn mìíràn. Téèyàn bá ń rìn, ẹsẹ̀ á máa gba ṣúgà wọlé láìdúró de ínsúlìn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó ju 3000 lọ, tí wọ́n sanra, tí ṣúgà wọn ti ń ga àmọ́ tí ò tíì di àtọ̀gbẹ. Èsì tó jáde ní 2002 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti fi bíi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ wọn dín kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, ewu tàwọn tó ń lo oògùn metformin sì dín kù ní ìdá 31. Ẹni tó wúwo tó kílò 80, bíi kílò 5 àtààbọ̀ ló máa jù sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 náà, ìdajì wákàtí ni lọ́jọ́ márùn-ún, kéèyàn fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà dípò kó gun zẹ́mù, ìyẹn ọ̀kadà.

Ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti ń ga àmọ́ tí ò tíì di àtọ̀gbẹ, ó lè rí 1,10 sí 1,25 lórí bébà lábò láìjẹun. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, òùngbẹ ò gbẹ ẹ́, kò dìde lóru láti tọ̀, ìtọ̀ àárọ̀ ẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí tẹni tára ẹ̀ dá ṣáṣá.