Postal vote (kéèyàn fi póòsù dìbò) ní England: ìgbà wo gan-an ló ti pẹ́ jù?

Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá ti ń bọ̀ làwọn èèyàn wa máa ń béèrè nǹkan yìí, pàápàá àwọn màmá tẹ́sẹ̀ ń dùn àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, torí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síbí kó yé gbogbo wa. Ti England ni mò ń sọ o.

Ṣé ẹni tí ò tíì gba páálí, ìyẹn ìwé ọmọ ìlú Britain, lè dìbò?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, tẹ́ ẹ bá ti pé ọdún 18 tí ìwé ìgbélùú yín sì pé, ẹ lè forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ dìbò ti kánsù àti ti Parliament.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò ni mo ju tèmi sínú àpótí póòsù, ṣé wọ́n á kà á?

Ẹ̀rù ń bà mí fún un. Wọn kì í wo ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ìgbà tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò tó lù. Òǹtẹ̀ póòsù ò lè gbà yín sílẹ̀. Ẹbí yín tó wà ní Amẹ́ríkà lè sọ pé òǹtẹ̀ ti tó, òfin ìpínlẹ̀ tiẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi ṣe tiyín. Ní ìdìbò July 2024, ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn pẹ́ kó tó dé ilé wọn, ìyẹn ló ṣe yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́, wọn ò béèrè sítáǹbù.

Ọ̀la ni ìdìbò, ìwé mi ṣì wà nílé ńkọ́?

Ẹ má fi póòsù rán an mọ́ jàre! Ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìdìbò àdúgbò yín lọ́jọ́ ìdìbò kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, tàbí sí ọ́fíìsì kánsù kí wọ́n tó tì í. Ẹ fà á lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù tó máa fún yín. Ibi tó ń dun èèyàn nìyí: láti May 2024, èyí tẹ́ ẹ bá kàn tì bọ ihò lẹ́tà kánsù tàbí tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ láìkọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á kọ̀ ọ́ ni.

Ṣé mo lè bá màmá mi gbé tiwọn lọ?

Ẹ lè gbé e, tiyín àti tèèyàn márùn-ún míì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń polongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá kanlẹ̀kùn pé kẹ́ ẹ kó o wá, ẹ má fún wọn, òfin ò fàyè gba kí wọ́n gba ti ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn tàbí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú.

Tó bá dé lásìkò, ó ti bọ́ nìyẹn àbí?

Rárá o. Ìwé ìdìbò ń lọ sínú àpòòwé A, ìyẹn pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù ló ń lọ sínú B. Ọjọ́ ìbí yín ni kẹ́ ẹ kọ sórí ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣàṣìṣe kọ déètì ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ wọn mu, nítorí náà ẹ má bá àgbàlagbà sáìnì, tọ́wọ́ wọn bá ń gbọ̀n, ẹ bá wọn kọ̀wé sí kánsù ṣáájú kí wọ́n yọ̀ǹda fún wọn pé kí wọ́n má buwọ́ lù ú.

Ìwé mi ò dé rárá.

Ẹ tètè pe ọ́fíìsì ìdìbò kánsù yín, wọ́n lè fún yín ní òmíràn títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Ẹ mú ID dání.