Afárá tí kò gbé ènìyàn kọjá ní Kenwood

Bí oòrùn bá ti yọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wa a kó ọmọ, a kó ìrẹsì, ó di ọgbà Kenwood lẹ́bàá Hampstead. Ohun tí ẹ ó sì máa gbọ́ ni pé, "Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ṣe é!" Ọlọ́run ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ṣọ́bìrì bá a dá sí i.

Ẹ dúró níwájú ilé ńlá funfun tó wà nínú ọgbà náà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí omi, ẹ ó rí afárá funfun kan ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Pákó tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Ojú nìkan ló ní, kò lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá yóò padà sílé. Ayé Lord Mansfield, adájọ́ àgbà tó ra ilé náà ní 1754, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀, kí àlejò lè rò pé odò ńlá kan ló ń ṣàn lọ. Odò kọ́ o, omi tí wọ́n sé ni.

Nígbà tí Mansfield kú ní 1793, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jogún ilé pe Humphry Repton tó ń ṣètò ọgbà fún àwọn ọlọ́lá. Títì tó ń kọjá nítòsí ilé pàápàá, wọ́n tì í sẹ́yìn kí èrò má baà máa yọjú wo wọn. Igbó tó wà lẹ́yìn adágún nìkan ló lè sọ pé òun ti wà kí ilé tó dé.

Àwọn kan tún ń rò pé ìgbádùn nìkan ni àwọn onílé ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Rárá. Dido Elizabeth Belle, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tó wà lóko ẹrú, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ arábìnrin Mansfield, dàgbà nínú ilé yẹn. Òun ló ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń ṣe wàrà àti àwọn adìyẹ.

Àwọn kan ní ọba ló fi Kenwood ta ará ìlú lọ́rẹ. Irọ́ ni. Lẹ́yìn 1920, wọ́n ti fẹ́ gé ilẹ̀ náà ní pulọ́ọ̀tì fún àwọn kọ́léta, kí àwọn ará ìlú tó dáwó ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Edward Cecil Guinness (bẹ́ẹ̀ ni, ìdílé ọlọ́tí dúdú yẹn) ra ilé náà àti ilẹ̀ tó yí i ká ní 1925. Ó kú ní 1927, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé pẹ̀lú àwọn àwòrán iyebíye rẹ̀. Ní 1928 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn.