Iná Orí Bọ́ọ̀dù Kì í Ṣe Ẹlẹ́rìí

Tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá kọ̀ tí kò tàn, gbólóhùn kan wà tí mo mọ̀ pé màá gbọ́ kí n tó tú èèpo rẹ̀ tán: "Iná ń wọlé o, ẹ̀ńjínìà. Ẹ wò ó, iná ẹ̀ ń tàn. Bọ́ọ̀dù ló ti jó." Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà á sọ ọ́, ọmọ iṣẹ́ á sọ ọ́, ẹ̀ńjínìà tó kọ́kọ́ tú u á sì ti sọ ọ́ ṣáájú gbogbo wọn. Ó ti sú mi.

Iná kékeré kan tí kò tó hóró ìrẹsì, tó máa ń wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá ti ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, ó ti tàn nìyẹn, ẹ tẹ bọ́tìnì o, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ o. Wọ́n wá gbà pé nígbà tí iná ti dé orí bọ́ọ̀dù, páwà páàkì, àpótí tó ń gba iná ògiri tó sì ń pín in fún inú kọ̀ǹpútà, ti bọ́ nínú ọ̀ràn, bọ́ọ̀dù ló kù ká sin.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ní iná, pé súìṣì ẹ̀yìn wà ní títàn, pé UPS kò kú. Ẹ ti wo ìyẹn. Tí ẹ ò bá tíì wò ó, ẹ lọ wò ó ná, màá dúró.

Ohun tí kì í yé èèyàn ni pé ọ̀nà méjì ni iná ń gbà jáde nínú páwà páàkì. Láti 1995 tí Intel ti gbé ATX jáde, ìlànà bí bọ́ọ̀dù àti páwà páàkì ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kìíní kéré, kì í sì í sùn: wáyà elésè àlùkò ló ń gbé e, fólítì 5 ni. Ọdẹ ló dà bí. Ó ń ṣọ́ ilé, kí ẹni tó máa gbọ́ lè wà nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà ńlá, fólítì 12, 5 àti 3.3, tó ń bọ́ prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), dísíìkì àti fáànù. Ìyẹn kì í ṣí àfi tí bọ́ọ̀dù bá fa wáyà aláwọ̀ ewé wálẹ̀, bí ẹni ń wí pé "ó yá." Nígbà tí gbogbo fólítì bá ti dúró dáadáa, páwà páàkì á fi wáyà aláwọ̀ eérú dáhùn pé "ó ti pé." Ìdáhùn yẹn kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí bọ́ọ̀dù kò bá gbọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iná kékeré orí bọ́ọ̀dù, ọ̀dọ̀ ọdẹ ló ti ń jẹun. Ọ̀nà ńlá lè ti kú láti àná, kò kàn án.

Títí dé ibí yìí, àwọn èèyàn máa ń gbà. Ibi tí wọ́n ti ń bá mi jà nìyí: "Ó dáa, ó kéré tán, ọdẹ yẹn ṣì wà láàyè." Ó wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ṣé ó lágbára? Irú iná kékeré bẹ́ẹ̀, fólítì 2 péré tó o láti tàn. Ohun tí bọ́ọ̀dù ń béèrè lọ́wọ́ wáyà elésè àlùkò sì jẹ́ 5, kò gbọdọ̀ dín sí 4.75, kò gbọdọ̀ ju 5.25 lọ. Láàárín 2 sí 4.75, ààyè gbọ̀ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀ tí iná á fi máa dán lójú yín nígbà tí bọ́ọ̀dù kò lè dìde. Ọ̀nà kékeré yìí ló sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí ẹ ti pa kọ̀ǹpútà. Tí kàpásítọ̀ rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́, bá ti ń gbẹ, fólítì á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní pariwo.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé tirẹ̀. Nígbà tí NEPA bá mú háàfù kọ́rẹ́ǹtì wá, gílóòbù á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀yinná, fíríìjì á kùn hùn-ùn, kò ní gbéra. Ta ló máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí gílóòbù ń tàn, fíríìjì ló bàjẹ́? Ṣùgbọ́n bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n a tán.

Màmá kan tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé gbé tiwọn wá. Wọ́n ti ra bọ́ọ̀dù kejì, bọ́ọ̀dù kejì náà kò tàn. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀kẹta, pé ọjà burúkú ni wọ́n tà fún wọn.

"Ẹ̀ńjínìà, ṣé ẹ ò rí iná yẹn ni?"

"Mo rí i, mà."

Mo ki ẹnu mítà tí mo fi ń wọn fólítì bọ ẹ̀yìn wáyà elésè àlùkò: 3.8. Mo tẹ bọ́tìnì: ó já wálẹ̀ sí 3.1. Iná kékeré yẹn kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo yọ páwà páàkì lára kọ̀ǹpútà mìíràn, mo so ó mọ́ bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ti sọ pé ó kú, tí màmá fi ìwé ìròyìn wé sínú báàgì. Ó tàn. Màmá kò tíì dúpẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó, wọ́n ń fi ìka ṣírò owó tó ti lọ.

Àbúrò ìgbàgbọ́ yìí wà. Wọ́n á yọ páwà páàkì sọ́tọ̀, wọ́n á fi wáyà kékeré kan so ihò aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú, fáànù rẹ̀ á yí, wọ́n á ní "ó dá ṣáṣá." Fáànù yẹn kì í jẹ ju wáàtì díẹ̀ lọ. Prósẹ́sọ̀ nìkan lè jẹ 65. Ẹni tó gbé agbọ̀n òfìfo rìn kò tíì fi hàn wá pé òun lè ru iṣu. Tí fáànù bá kọ̀ láti yí, ó ṣeé ṣe ká ti rí ọ̀daràn. Tó bá yí, a ò tíì mọ nǹkan kan.

Bóyá láti ayé àtijọ́ ni ìgbàgbọ́ náà ti wá. Ṣáájú ATX, bọ́tìnì iwájú kọ̀ǹpútà ló ń gé iná ara ògiri gan-an. Tí ẹ bá pa á, kò sí iná kankan nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ wọn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Mi ò sọ pé bọ́ọ̀dù kì í kú. Ó ń kú, àrá sì ti pa púpọ̀ nínú wọn. Tí páwà páàkì tó dáa bá ta pọ́n lẹ́ẹ̀kan tó sì kú, ẹ yọ ẹnu kékeré oníhò 4 tàbí 8 tó ń bọ́ prósẹ́sọ̀. Tí fáànù bá wá ń yí láìdúró, ó jọ pé agbègbè prósẹ́sọ̀ lórí bọ́ọ̀dù ni ọ̀ràn wà. Ó jọ bẹ́ẹ̀, mi ò fi ọrùn dúró. Nígbà mìíràn, bọ́tìnì iwájú ló kú, gbogbo àríyànjiyàn á sì di ẹ̀rín. Àwọn HP àti Dell kan sì wà tí ẹnu páwà páàkì wọn kò ní ihò 24 tó wọ́pọ̀; ẹ má fi àwọ̀ wáyà tí mo kà yìí wọ̀n wọ́n. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ yá páwà páàkì ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ ra bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí ẹ bá sì ń dán an wò, ẹ má tú inú páwà páàkì fúnra yín. Fólítì bíi 325 ló máa ń wà nínú kàpásítọ̀ ńlá rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Tí páwà páàkì tí ẹ yá bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Òmíràn ní súìṣì pupa kékeré kan, 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Tó bá wà ní 115 tí ẹ sì kì í bọ iná tiwa, ìró tí ẹ máa gbọ́ kò ní nílò mítà. Páwà páàkì inú kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, 115 ló wà nígbà tí mo rà á. Mo fi orí sìkúrúdíráfà tì í sí 230, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa, nítorí àwọn ọmọ ilé.