Ráìmù Nínú Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: Etí Ni Ó Ń Gbọ́ Ọ, Ojú Kì Í Rí I

Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì kejì bá kọ “cat” sí ojú pátákó, tí ó sì ní kí àwọn ọmọ dárúkọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá a ráìmù, ọmọ kan lè dáhùn pé “hat”, òmíràn lè sọ pé “car”, ẹlòmíràn sì lè pariwo “dog” nítorí pé ajá àti ológbò jọ ń gbé inú ilé kan náà ni. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìkan ni ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó kù kì í ṣe ìsọkúsọ. Ọmọ tí ó ní “car” fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò fetí sí ìparí rẹ̀; ẹni tí ó ní “dog” ń ro ìtumọ̀, kò ro ìró. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún wọn rí ohun tí à ń pè ní ráìmù gan-an.

Ráìmù ni kí ọ̀rọ̀ méjì dún bákan náà láti orí fáwẹ́lì tí a fi agbára pè jù lọ nínú wọn títí dé òpin, kí ìró tí ó ṣáájú fáwẹ́lì náà sì yàtọ̀. Bí a bá gé ìró ìbẹ̀rẹ̀ kúrò lára “cat”, “hat” àti “mat”, ohun kan náà ni yóò ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni “nation” àti “station” rí. Ṣùgbọ́n ráìmù kò sí láàárín “nation” àti “mission”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sílébù tí ó gbẹ̀yìn àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra, nítorí pé sílébù tí ó ṣáájú ni a ń fi agbára pè, fáwẹ́lì ibẹ̀ kò sì jọra. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n dún bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú bí “right” àti “write”, tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ JAMB kó wọn pọ̀ mọ́ ráìmù lábẹ́ orí kan náà, èyí kò sì burú, bí ọmọ bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó yàtọ̀ ni wọ́n, tí wọ́n kàn ń lo ohùn kan.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń ta kókó fún àwọn ọmọ wa ni pé èdè Yorùbá kò fi irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ ṣe ohun kan tí ó ṣe pàtàkì. Fáwẹ́lì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń parí, fáwẹ́lì tí kì í ṣe aránmúpè kò sì ju méje lọ. Nítorí náà, bí a bá rán akéwì kan pé kí ó lọ wá ọ̀rọ̀ tí ó parí sí “à” wá, kò ní rí i bí iṣẹ́ rárá, torí bàtà wà níbẹ̀, fìlà wà níbẹ̀, ìgbà náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí kò wọ́n kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ewì àbáláyé wa, yálà oríkì ni, ìjálá ni tàbí ẹsẹ̀ Ifá, ẹwà wà nínú àwítúnwí, nínú fífi ohùn òkè dá ohùn ìsàlẹ̀ lóhùn, àti nínú ìfọ̀rọ̀dárà. Ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọdé ti ń sọ ọ́: “Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ní ọpọlọ lọ́pọ̀lọpọ̀.” Etí ọmọ tí ó lè sọ gbólóhùn yìí láìkọsẹ̀ kò di rárá. Ó kàn jẹ́ pé ohùn ni ó ti mú etí rẹ̀ mọ́ra, èyí tí ó fi ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba àti ìgbà. Ìparí ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè gé lọ́tọ̀ kí a sì fi wé ìparí ọ̀rọ̀ mìíràn kò tíì di ohun tí ó ń ṣọ́.

Ìṣòro kejì fara pẹ́ èyí. Kọ́ńsónáǹtì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń parí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, Yorùbá kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá wọ èdè wa, a máa ń fi fáwẹ́lì kún un lẹ́yìn kí ó lè rọ̀ wá lẹ́nu: “bread” di búrẹ́dì, “ball” di bọ́ọ̀lù. Kódà, lẹ́tà “n” tí a ń kọ sí ẹ̀yìn “ìbọn” àti “ẹran” kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì; àmì lásán ni, tí ó ń sọ fún wa pé kí a gba imú pe fáwẹ́lì tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbé àṣà yìí lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì yóò máa pe “sun”, “sum” àti “sung” bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n, nítorí pé imú ni ó gbà pe gbogbo wọn, kò sì pa ètè tàbí ahọ́n dé ní ìparí. Bẹ́ẹ̀, ibi ìparí yẹn gan-an ni ráìmù wà.

Ní ti àkọtọ́, ọmọ tí ó kọ́kọ́ kọ́ a-b-d ní èdè Yorùbá ti kọ́ láti fọkàn tán lẹ́tà. Àwọn tí wọ́n tò ó, láti ìgbà Samuel Àjàyí Crowther títí dé ìpàdé àkọtọ́ tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875, fẹ́ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìró kan, wọ́n sì ṣe é débi tí ẹni tí ó bá mọ lẹ́tà lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 26 ni ó ní, ṣùgbọ́n nínú irú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ́ni nínú ìwé ìpè, ìró fáwẹ́lì nìkan tó nǹkan bí 20, kọ́ńsónáǹtì sì jẹ́ 24. Ìtàn ni ó dá kún un. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1476, ìtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ̀rọ̀ di ohun tí kì í yí padà mọ́, ní àkókò kan náà tí àwọn fáwẹ́lì gígùn wọn ń kúrò ní ipò wọn lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọ̀nà ìkọ̀wé dúró, ẹnu rìn lọ. Nítorí náà ni “love”, “move” àti “stove” ṣe jọra lójú, tí ìkankan wọn kò sì bá ìkejì ráìmù, nígbà tí “blue”, “shoe”, “two”, “new” àti “through” kò jọra lójú rárá tí gbogbo wọn sì bára mu. Ẹni tí ó bá fi ojú wá ráìmù nínú Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣìnà lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ fi etí wá a, etí ta ni? Ìbéèrè yìí ni àwọn ìwé tí a ń lò ní kíláàsì sábà máa ń fò dá. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, “cough” àti “rough” bára mu régé, nítorí pé “ọ” kan náà ni a fi ń pe fáwẹ́lì àwọn méjèèjì. Lẹ́nu oníròyìn rédíò ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọn kò bára mu, torí fáwẹ́lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń pè wọ́n. A sọ “cup” di kọ́ọ̀bù, a sọ “shop” di ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì wá di ìbejì, bẹ́ẹ̀ wọn kò bára tan níbi tí wọ́n ti wá. Nítorí pé Yorùbá kò ní ìró “z”, “rice” àti “rise” a máa dún bí ọ̀kan náà. Nítorí pé a kò ní ìró tí wọ́n fi “th” kọ, “teeth” a máa bá “feet” mu, “mouth” a sì máa bá “out” mu. Ọmọ tí ó bá sọ pé “teeth” àti “feet” jọ ń ráìmù kò purọ́: ohun tí ó ń gbọ́ ní ilé, ní ọjà, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó máa gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ pàápàá, ni ó sọ. Síbẹ̀, ìdánwò WAEC àti ti JAMB ń béèrè ráìmù, ìpè ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń máàkì. Ní tèmi, kò dára kí olùkọ́ kàn fa ìlà pupa sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀. Ó sàn kí ó sọ fún ọmọ náà ní gbangba pé ní ẹnu wa, ó bára mu; ní ẹnu tí ìdánwò ń lò, kò bára mu; kí ó sì fi hàn án ibi tí ahọ́n ń dúró sí láàárín eyín nígbà tí a bá ń pe “th”. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ti kọ́ ìpè, kò kàn há ìdáhùn sórí.

Àǹfààní wo ni ó wà nínú gbogbo wàhálà yìí? Ó wà, ó sì ti ní ẹ̀rí. Ní ọdún 1983, Lynette Bradley àti Peter Bryant ti Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún. Wọ́n máa ń pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ọmọ, bíi “bun”, “hut”, “gun”, “sun”, pé kí ó yọ èyí tí kò bá àwọn yòókù mu. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n tó mọ̀wé kà ni wọ́n mọ̀wé kà jù lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Kò ṣòro láti rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó bá ti lè ka “light”, tí ó sì mọ̀ pé ó bá “night” ráìmù, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka “fight”, “right”, “sight” àti “tight” tán láìtíì rí wọn rí. Ní ọdún 1970, Wylie àti Durrell ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìparí ọ̀rọ̀ 37 péré, irú bíi “-at”, “-ight” àti “-ake”, ni a lè fi kọ nǹkan bí 500 nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ń bá pàdé.

Ó níbi tí àǹfààní yìí mọ fún àwọn ọmọ wa ṣá o. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó dé ilé-ìwé. Ìwé kíkà nìkan ni wọ́n ń kọ́. Ọmọ Ìséyìn tàbí Ìkirè ń kọ́ ìró, ìtumọ̀ àti ìwé kíkà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ráìmù kì í gbé ìtumọ̀ dání. Kò sí ohun tí ó pa “mat” pọ̀ mọ́ “rat” ju ìró lọ, ọmọ sì lè máa fi “cat, bat, mat, rat” kọrin láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ láìmọ̀ bóyá àdán ni “bat” tàbí igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi ẹní han ọmọ, kí ó fi eku hàn án nínú àwòrán, kí ó sì jẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan, kí ó tó wá tò wọ́n pọ̀ sí ìdílé ìró. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a mọ ìtumọ̀ wọn wúlò ju ogún tí a kàn ń fi ṣe orin.

Nígbà tí ó bá sì di orí ráìmù fúnra rẹ̀, pátákó ni kí ó gbẹ̀yìn. Kí olùkọ́ fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta láìkọ ìkankan sílẹ̀, kí àwọn ọmọ pa ojú dé, kí wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè bí wọ́n bá gbọ́ èyí tí ó ṣàjèjì. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá kọ wọ́n, kí ẹnu lè ya àwọn ọmọ pé “said” àti “bread” jọ ń ráìmù, tí “said” àti “paid” kò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra WAEC sílẹ̀ lè gbà. Ẹ jẹ́ kí a mú “tomb”, kí a sì fún un ní “comb”, “bomb”, “home” àti “room” láti yàn nínú wọn. Ojú yóò sáré lọ bá “comb” àti “bomb” nítorí lẹ́tà mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ bo wọ́n ná, kí ó pe “tomb” jẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀, kí ó ju “t” nù, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó kù: “u” gígùn, lẹ́yìn náà ètè méjèèjì pa dé fún “m”, kò sí “b” níbẹ̀ rárá. “Comb” àti “home” ni wọ́n bára wọn mu, “bomb” dá dúró tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣí ọwọ́ kúrò yóò rí “room” tí ó ń dúró dè é.