Òróró kì í fa ibà: oúnjẹ ọdún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn

Tó bá ti di bí ogúnjọ́ oṣù Kejìlá n'Ìbàdàn, orí fulawa, bọ́tà, ẹyin àti òróró ni owó ilé ń bá lọ. Èrò á kún Agbẹni bámúbámú, òórùn chin-chin á gba àdúgbò kan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ó ti rí ẹnì kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ife ẹ̀kọ gbígbóná, tí wọn ò fi nǹkan kan sí i ju ṣúgà lọ. Ibà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ẹ̀. Bó bá nawọ́ sí puff-puff báyìí, ìyá ọkọ á ti figbe ta: "Ìyàwó, má fọwọ́ kan òróró yẹn o! Ṣé o fẹ́ kí ibà ọ̀hún tún padà wá ni?" Ìyàwó á ní, "Ẹ má bínú, màmá," á sì dá a padà sínú abọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé kan. Ìyá alágbo ní Bódìjà ń sọ ọ́, awakọ̀ tó ń ná Mọ́kọlá sí Sángo ń sọ ọ́, àwọn tó kàwé dójú àmì náà ń sọ ọ́: oòrùn àti òróró ló ń fa ibà. Ti oòrùn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ lónìí. Ti òróró ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí irọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò dúró sórí ahọ́n lásán. Ó lè sọ oògùn tí aláìsàn fi owó rà di asán.

Kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí ló ń fa ibà. Alphonse Laveran, dókítà ológun ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria lọ́dún 1880. Ní 1897, Ronald Ross, dókítà ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì, òru ló sì sábà máa ń jẹni. Èèyàn lè gbé kọ́ọ̀pù òróró mì, kí inú máa run ún títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n ibà ò ní tibẹ̀ wá.

Síbẹ̀, àwọn àgbà tó fi ọ̀rọ̀ náà lé wa lọ́wọ́ kì í ṣe aláìnírònú. Wọ́n ṣàkíyèsí nǹkan. Wọ́n rí i pé ẹni tí ibà bá mú dáadáa, ojú rẹ̀ lè pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ náà á ṣú. Wọ́n wá wo inú ilé ìdáná, kí ló tún láwọ̀ yẹn níbẹ̀? Òróró ni. Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni àwọ̀ náà ti wá. Kòkòrò ibà máa ń wọ inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì bẹ́ hóró náà jáde. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 48 sí ara wọn. Hóró tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara á wá bẹ́ láìtọ́jọ́. Ara á sọ ohun pupa inú rẹ̀ di èròjà kan tó láwọ̀ ìyeyè, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń kó o dànù. Tí èyí tó délẹ̀ bá ti ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ, ẹyinjú ni yóò ti hàn. Ẹni tí kò fẹnu kan òróró láti ọdún tó kọjá, ojú rẹ̀ á pọ́n bákan náà bí ibà bá bẹ́ hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí n tètè fi kún un pé ibà tó bá ti mú ojú pọ́n ti kúrò ní ti àgbo tàbí ti ká sá fún dùndú. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n tún rí i pé òórùn òróró gbígbóná máa ń rí aláìsàn lára, èébì á máa gbé e. Òótọ́ ni. Ọ̀rá máa ń pẹ́ nínú ikùn ju ẹ̀kọ lọ. Ẹni tí inú ṣì ń rìn, tó wá jẹ àkàrà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kó bì í. Ará ilé á wá ní, ẹ ò rí i bí, òróró ti dá ibà padà.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ ló tan èèyàn jẹ jù. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹni títí dìgbà tí ara máa gbóná, ó sábà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ wá wo ẹni tó lọ síbi àríyá lálẹ́ Kérésì, tó jókòó sábẹ́ kánópì di òru, tí ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Tí oṣù Kìíní bá fi wọlé, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Kí lẹ rò pé yóò rántí? Ẹ̀fọn ò fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Ẹran díndín àti ìrẹsì tí òróró ń kán lára rẹ̀ ni yóò rántí, yóò sì búra pé òun ò tún jẹ ẹ́ mọ́.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìgbàgbọ́ yìí ò tiẹ̀ bá ara rẹ̀ mu. Wọ́n á gba puff-puff lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n á gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì fún un, tí epo pupa léfòó lórí rẹ̀, torí pé epo pupa ò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, iyán àti ẹ̀gúsí ni. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí ló jẹ́ òróró. Ikùn ò mọ èyí tó ti inú àgbá wá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú kóró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ní 2005 ni Nàìjíríà fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn tí a kọ́kọ́ ń lò fún ibà, torí kòkòrò náà ti borí rẹ̀. Oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀ ló gba ipò rẹ̀. Inú ewé ni artemisinin ti wá, iṣẹ́ tí Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà, ṣe lórí rẹ̀ ló sì mú kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Èyí tó wọ́pọ̀ gan-an ní fámásì nínú wọn ni artemether-lumefantrine. Orúkọ orí páálí lè jẹ́ oríṣiríṣi, lẹ́tà kéékèèké abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kà. Tó bá jẹ́ oníwọ̀n 20/120 (artemether mílígíráàmù 20, lumefantrine 120), hóró mẹ́rin ni àgbàlagbà ń lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kejì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́.

Lumefantrine inú rẹ̀ kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Ọ̀rá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rá ò bá sí nínú ikùn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á gba ìfun kọjá lọ sí ṣáláńgá. Ìwé tí àwọn tó ṣe oògùn náà kọ nípa rẹ̀ sọ pé lumefantrine tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá kí ó tó lò ó máa ń tó ìlọ́po 16 ti ẹni tó lò ó lórí ikùn òfìfo. Kò sì pọn dandan kí ọ̀rá náà pọ̀ rárá. Ife mílíìkì kan tó, ẹyin díndín kan tó, àkàrà méjì náà tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyàwó tí wọ́n gba puff-puff lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da hóró mẹ́rin sẹ́nu, ó fi ẹ̀kọ tí kò ní mílíìkì tì í. Artemether yára pa èyí tó pọ̀ nínú kòkòrò náà, ara rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ilé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lumefantrine tó yẹ kó ṣa àwọn tó ṣẹ́ kù ò tó nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibà tún dé. Ìyá ọkọ á ní, "Mo sọ fún un!" Puff-puff tí wọn ò jẹ́ kó jẹ gan-an ni ì bá ràn án lọ́wọ́.

Kì í wá ṣe gbogbo oògùn ibà ló ń bẹ òróró o. Artesunate-amodiaquine, oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ní ká má fi lò ó. Dihydroartemisinin-piperaquine náà ò fẹ́ ọ̀rá, torí ọ̀rá lè jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì da ìlù ọkàn rú. Ẹ bi oníṣègùn fámásì léèrè kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀: "Ṣé kí n jẹun sí i? Irú oúnjẹ wo?" Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ orí páálí lọ.

Oògùn nìkan kọ́ ló nílò ọ̀rá, ara náà nílò rẹ̀. Bí ara bá fi ìwọ̀n Celsius kan ṣoṣo gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, agbára tí ara ń ná á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i. Ẹni tó ti ṣe ìyẹn fún ọjọ́ mélòó kan láìjẹun dáadáa, gbèsè ni ara rẹ̀ wà. Ẹ̀kọ mímu tó ṣàn dára fún ọ̀fun, ó sì dára fún omi ara, àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gíráàmù ọ̀rá kan ń mú kálórì 9 wá, ti ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà ò ju 4 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò bẹ́ dànù náà, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ la fi ń tún un ṣe. Ti ọmọdé tiẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún tirẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn àìsàn. Àwa ńkọ́? Ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ gan-an la máa ń yọ.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde tó sì fẹ́ ṣe nǹkan ọdún, kéèkì ni mo máa ní kó ṣe, kó fi chin-chin díndín sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Díndín gba kéèyàn dúró níwájú iná fún wákàtí gbọọrọ, ojú sì lè ṣókùnkùn sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì pé. Kéèkì, orí àga ló ti lè pò ó. Fulawa gíráàmù 250, bọ́tà 250, ṣúgà 250 (mo máa ń dín ti ṣúgà kù), ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìyẹ̀fun tó ń mú un wú (baking powder) ṣíbí kékeré méjì. Bọ́tà àti ṣúgà tí wọ́n ń lù pọ̀ títí á fi funfun, ẹ gbé ìyẹn fún àwọn ọmọ ilé, apá wọn le. Bí kò bá sí ààrò ìgbàlódé, ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, ẹ gbé e kaná títí yanrìn á fi gbóná, ẹ gbé páànù kéèkì lé e, ẹ dé e pa. Tó bá ti tó bí ìṣẹ́jú 45, ẹ fi ọ̀bẹ gún àárín rẹ̀ wò. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ó ti jinná. Chin-chin náà ṣeé yan nínú ààrò dípò kí a dín in, ó kàn jẹ́ pé kò ní dùn tó o, kí n má parọ́.

Àmọ́ kí ẹni náà má lá kéèkì tútù tó kù nínú abọ́. Kòkòrò Salmonella lè wà nínú ẹyin tútù, ìgbẹ́ gbuuru sì ni nǹkan ìkẹyìn tó yẹ kó tún kàn án báyìí. Ìrẹsì ọdún tí wọ́n fi sínú kúlà láti ọ̀sán dọjọ́ kejì náà yẹ kó bà wá lẹ́rù ju òróró lọ. Kòkòrò Bacillus cereus lè tú májèlé sínú ìrẹsì tó bá pẹ́ níta, gbígbóná tí a bá sì tún un gbóná kò ní pa májèlé náà. Láàárín wákàtí méjì ni kí ìrẹsì ti wọ fíríìjì. Òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà, tó ti dúdú, tó ń yọ èéfín, òun náà ò dára fún ẹnikẹ́ni, ara onítọ̀hún ìbáà le tàbí kó má le.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún ọ̀rá lóòótọ́: ẹni tó ní òkúta nínú òróòro, ẹni tí dókítà bá sọ fún nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí iṣẹ́ abẹ inú, ẹni tó ń ṣu gbuuru lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ tiwọn kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ibà.

Bí ara bá sì tún gbóná kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn oògùn, ẹ má jókòó máa ka iye puff-puff tó jẹ. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ mú páálí oògùn àkọ́kọ́ dání, kí ẹ sì sọ fún wọn bóyá ó lò ó pé, bóyá ó bì láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tó lò ó, àti ohun tó fi lò ó.