Bí Ara Ṣe Ń Bá Fọ́ńgáì Jà Nínú Imú Tó Ń Dí Ṣáá

Kò sí ẹni tó ń mí ní Ìlọrin tí kì í fa fọ́ńgáì símú. Òun ló ń mú kí búrẹ́dì bu. Eruku ọyẹ́ ń gbé kóró rẹ̀ kiri, ẹni tó sì ń jọ èlùbọ́ tó ti bu l'Ọ́fà ń fa púpọ̀ sí i.

Lọ́dún 1999, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà yẹ ikun imú èèyàn 210 tí imú wọn ti ń dí ṣáá láti ọjọ́ pípẹ́ wò. 202 ló ní fọ́ńgáì. Àmọ́ àwọn 14 tí ara wọn le náà ní in, láìku ẹnì kan. Ohun tí ara ń ṣe sí fọ́ńgáì gan-an ni ká wò.

Nínú imú tó dá ṣáṣá, kóró á lẹ̀ mọ́ ikun, irun tín-ín-tín á gbá a lọ sọ́fun, a ó gbé e mì, ó parí. Nínú imú tó ti ń dí ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, ara lè ka kóró yẹn sí ọ̀tá. Á tú interleukin-5, èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́, jáde láti pe eosinophil, sẹ́ẹ̀lì funfun tí a fi ń bá aràn jà. Wọ́n á gba inú awọ imú bọ́ sínú ikun, wọ́n á ṣùrù bo fọ́ńgáì, wọ́n á bẹ́, oró inú wọn á sì dà sílẹ̀. Oró tó yẹ kó pa fọ́ńgáì yìí náà ló ń bó awọ imú. Bí awọ bá bó, bakitéríà á rọ́nà wọlé. Irun tó ń gbá ikun á kú. Ikun á jókòó, fọ́ńgáì á sì máa pọ̀ níbẹ̀. Bó bá le, ikun á ki bí ẹ̀pà lílọ̀, ẹran á hù sí imú, ìgboorùn á lọ.

Ìdí rèé tí amoxicillin, oògùn bakitéríà tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì, kì í fi í wò ó. Oògùn fọ́ńgáì gan-an kò ṣe é: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù, tó jáde lọ́dún 2006, àwọn tó fi amphotericin B fọ imú kò sàn ju àwọn tó lo omi tí kò ní oògùn. Ohun tó ń rọ ìjà náà lójú ni sítẹ́rọ́ìdì tí a ń fín símú lójoojúmọ́. Ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà etí; bó bá dojú kọ ògiri àárín imú, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Kẹ́ ẹ tó fín in, ẹ fi omi iyọ̀ fọ imú: ṣíbí tíì kan iyọ̀ sínú ìdajì lítà omi tí a sè, tó sì ti tutù. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ tí a kò sè lè gbé kòkòrò tín-ín-tín tó ń jẹ́ Naegleria wọ ọpọlọ, ó sì ń pani. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gé ẹran náà, fífín kò gbọdọ̀ dúró, torí ara kò tíì gbàgbé ìjà.

Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí kò rí ìtọ́jú. Ara rẹ̀ kò lágbára láti jà, fọ́ńgáì fúnra rẹ̀ lè máa jẹ ẹran ara lọ. Bí ojú bá wú, tí nǹkan dúdú sì hàn nínú imú, ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an.