Alágbàṣe orí pápá: bí ajubọ́ọ̀lù káúntì ṣe ń jẹun

David Masters, ajubọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní Kent, ó kó ẹrù lọ sí Leicestershire, ó sì tún gba Essex lọ. Ikọ̀ England kò pè é rí. Síbẹ̀ lọ́dún 2011, onígi 93, ìyẹn àwọn tó ń fi igi lu bọ́ọ̀lù, ni òun nìkan lé kúrò lórí pápá nínú County Championship, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ káúntì, ìyẹn ẹgbẹ́ agbègbè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ là bá máa pè ní alágbàṣe nínú kíríkẹ́ẹ̀tì: oko olóko ló ń ro, ó sì mọ̀ ọ́n ro.

Ẹgbẹ́ káúntì 18 ló ń du ife yẹn, 17 láti England, Glamorgan láti Wales. Ọjọ́ mẹ́rin ni eré kan, ófà 96 ni wọ́n sì ń retí lójúmọ́. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló ń jẹ́ ófà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní bọ́ọ̀lù 500 láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ni yóò jù wọ́n? Àwọn ìràwọ̀ kì í sábà sí nílé. Láti ọdún 2000 ni ECB, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì ní England àti Wales, ti ń fúnra rẹ̀ sanwó fún àwọn tí England gbójú lé, òun ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n á ṣiṣẹ́ fún káúntì wọn àti ìgbà tí wọ́n á sinmi. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré bí ìjì, eegun ẹ̀yìn wọn kì í pẹ́ sán. Àlàfo yìí ni alágbàṣe ń dí.

Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò yára jù. Ojú kan náà ló ń jù ú sí, léraléra. Bọ́ọ̀lù pupa tí ilé iṣẹ́ Dukes ń ṣe ni wọ́n ń lò. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ojú ìrán rẹ̀ sì yọ síta. Á fi ìka méjì gbá ojú ìrán náà mú, kó lè dúró ṣánṣán bó ṣe ń fò lọ. Tí ojú ìrán bá fi lè kan ilẹ̀ tútù inú oṣù Kẹrin, bọ́ọ̀lù lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹni tó jù ú gan-an kò sì mọ èyí tó máa jẹ́. Onígi tó ti nawọ́ kò lè fà á padà mọ́. Apá kan bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń dán, èkejì á máa ṣe pálapàla. Itọ́ tí wọ́n fi ń dán an ti di èèwọ̀ láti 2020, òógùn nìkan ló kù. Ẹ wo itan ṣòkòtò funfun rẹ̀ nírọ̀lẹ́, níbi tó ti ń nu bọ́ọ̀lù, pupa ló kún ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ọ̀dọ́ tó ń sáré ni wọ́n á fún ní ìhà tí afẹ́fẹ́ á ti tì í lẹ́yìn. Alágbàṣe á dojú kọ ọ́, ófà lórí ófà. Ká sòótọ́, nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe gbà á.

Ìwé àdéhùn rẹ̀ kì í sábà ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, ọ̀gá ẹgbẹ́ á pè é wọ ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ní ó tó gẹ́ẹ́, á wá ibòmíràn lọ. Wọ́n sì lè yá a láàárín sáà fún káúntì tí àwọn tirẹ̀ ti fara pa. Ọjà yìí gbóná gan-an nígbà kan. Ní 2003, Maros Kolpak, ará Slovakia tó ń fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì, jàre ní ilé ẹjọ́ Yúróòpù, ìdájọ́ náà sì ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ará South Africa àti Zimbabwe láti ṣiṣẹ́ ní káúntì láìkà wọ́n sí àlejò. Brexit, ìyẹn bí Britain ṣe kúrò nínú àjọ Yúróòpù, ló ti ilẹ̀kùn ọ̀hún nígbà tí 2020 parí.

Ohun tí kíkó kiri ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni fìlà. Káúntì máa ń dé fìlà fún ẹni tó bá ti fiṣẹ́ hàn. Tó bá wá lo bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, wọ́n lè yọ̀ǹda ọdún kan fún un láti kówó jọ: àsè alẹ́, ìdíje gọ́ọ̀fù, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbé yí pápá ká. Ẹni tó bá ti kó kúrò á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Darren Stevens dé Kent láti Leicestershire ní 2005. Onígi ni, ìgbà tó dàgbà ni bọ́ọ̀lù jíjù wá di iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2019, Kent ti sọ fún un pé àwọn kò ní tún àdéhùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì yá a fún Derbyshire fún eré T20, eré kúkúrú tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba ófà 20. Ó padà dé, ó fi igi kó àmì 237 jọ lójú Yorkshire ní pápá Headingley, ó tún lé onígi márùn-ún jáde nínú eré kan náà. Ẹni ọdún 43! Kent kọ ìwé tuntun, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2022.